Ọwọ́ Kò Tíì Gbọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó dé láàárọ̀, Rozália ti fọ yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà
nílé ìwòsàn eyín tó wà létí odò Lajta,
nílùú Húńgárì kan tó fẹ̀yìn ti ààlà.
Àwọn ará Ọ́síríà a sọdá wá,
wọn a gbé àlàfo wá, wọn a gbé eyín lọ,
wọn a rẹ́rìn-ín sí dígí bí ẹni tó jogún.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń nu dígí náà,
kò wo ẹnu ara rẹ̀ nínú rẹ̀ rí.

Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èjí.
Èjí a máa pe ojú;
èyí ń lé ojú sẹ́yìn.
Eyín iwájú méjì, ti òkè, ló bá yìnyín lọ
lọ́dún tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojúrin.
Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rín bá ti ń bọ̀,
ọwọ́ òsì a ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu.

Ó ti ra eyín àtọwọ́dá rí, èyí tí à ń fi àtè lẹ̀ mọ́ erìgì.
Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ní ń wó o:
lọ́jọ́ tí wọ́n sin Dezső ọkọ rẹ̀,
bó ṣe ní kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èrò,
eyín bọ́ sínú ọbẹ̀ adìyẹ.
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni.
Kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ahọ́n àti eyín kì í ṣàìjà, inú ẹnu náà ni wọ́n ti ń parí rẹ̀.
Ta wá ni ahọ́n opó yóò bá jà?
Lóròòru ó ń rìn lọ síbi àlàfo,
ó ń kanlẹ̀kùn níbi tí kò sílẹ̀kùn mọ́.

Dókítà Vadász ló sọ ọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Rozália, jókòó sórí àga yẹn."
"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán ni."
"Mo mọ̀. Jókòó."
Owó oṣù ni wọn yóò máa yọ ọ́ nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún méjì.

Àwòrán fi hàn pé páárì rẹ̀ ti tín-ín-rín.
Egungun tí kò ríṣẹ́ ṣe a máa rù.
Wọ́n bu egungun kún egungun, wọ́n rán erìgì,
wọ́n ní kó lọ fi oṣù márùn-ún mu ọbẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ́ ìṣó tìtáníọ́ọ̀mù méjì wọlé.
Ó gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú agbárí, kò gbọ́ ìrora.
Ó tún di dídúró.
Nínú òkùnkùn, láìsí ẹlẹ́rìí,
egungun gbá irin mọ́ra
bí abiyamọ tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́.

Emőke, nọ́ọ̀sì, ní kó mú eyín tó funfun bí yìnyín.
Ó kọ̀. Ó mú èyí tó jọ pé
ó ti bá a mu kọfí fún ogójì ọdún.

Lóru ọjọ́ náà, ahọ́n rìn dé ibi àlàfo,
ó bá ẹnì kan nílé.
Ó fara kàn án. Kò dáhùn.
Eyín yìí kò mọ òtútù, kò mọ dídùn,
kòkòrò kò ní rí i jẹ.
Ahọ́n kò tíì mọ bí a ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Emőke já àwo kan:
eyín oníṣímẹ́ńtì funfun mẹ́tàlélógún
fọ́n ká orí ilẹ̀ tí Rozália ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀,
ọ̀kan yí lọ sábẹ́ àga dókítà.
Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Rozália, ẹ̀rín ńlá,
ọwọ́ òsì sì gbéra kíá, tòun ti kànrìnkàn,
ó bo ẹnu.

Egungun ti gbọ́. Akọ̀wé owó ti gbọ́.
Ọwọ́ ló kù.
Ó tu ìfófò ọṣẹ dànù, ó tún rẹ́rìn-ín.